Wọ́n ní ká gbè sẹ́yìn ogun Ìráàkì: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Tíṣà Ìjàpò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo gbé wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe dìbéètì níléèwé wa. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa kojú iléèwé kan láti Òkè-Àró. Kókó tí wọ́n fún wa rèé: “Ó tọ́ bí Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe gbógun wọ Ìráàkì ní 2003.” Wọ́n ṣẹ́ gègé, àwa ló bọ́ sí lọ́wọ́ láti sọ pé ó tọ́.

Nínú ọmọ mẹ́ta tí mo mú, kò sí èyí tó ti dáyé lọ́dún náà. Ọmọbìnrin tó máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, SS2 ló wà, orí ẹ̀ pé. Ó lọ ka gbogbo ohun tó rí lórí fóònù bàbá ẹ̀, ó wá bá mi lẹ́yìn àsẹ́ńbìlì, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, “Mà, wọ́n ní torí ohun ìjà olóró tí Ìráàkì kó pamọ́ ni wọ́n ṣe lọ jagun, wọn ò sì bá ìkankan níbẹ̀. Ṣé kí n dúró níwájú èèyàn máa parọ́ ni?”

Mi ò rí ìdáhùn fún un. Ká sòótọ́, èmi gan-an ò gbà pé ogun yẹn tọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí la lè sọ tí kò ní í jẹ́ irọ́? Ìṣẹ́jú márùn-ún péré la ní.

Awakọ̀ Ọjà Ọba

Epo ni wọ́n lọ gbà. Kí ọmọ náà yáa lọ sùn.

Oníwèé Ìròyìn

Awakọ̀, o ò ní í yí padà láé.

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé ìròyìn ni mò ń tà nítòsí Àdégbọ́lá lọ́dún 2003. Ìdìbò gómìnà ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, pósítà Adéfaratì àti ti Agagu ti bo ara wọn mọ́lẹ̀ lórí ògiri, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Bush tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà àti Saddam tó jẹ́ ààrẹ Ìráàkì làwọn tó ń dúró kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ń jà lé lórí láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù jọ di ìwé kan ṣoṣo mú. Ojú ewé àkọ́kọ́ ya sí méjì, Bush lọ́wọ́ ọ̀kan, Saddam lọ́wọ́ èkejì. Ta ló sanwó ẹ̀? Èmi ni.

Bàbá ń sọ pé ìkà èèyàn ni Saddam. Ọ̀dọ́kùnrin ń sọ pé ta ló fún Bush láṣẹ. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, kò sẹ́ni tó dá ẹnì kejì lóhùn nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹyọ kan, Tíṣà. Ṣé Saddam yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń lé kúrò? Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ṣé ọwọ́ Amẹ́ríkà ló yẹ kó ti wá, nígbà tí ayé ò tíì panu pọ̀? Ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Ohun tí wọ́n wá ṣe nígbà tí wọ́n wọlé tán, ìyẹn tún wà nílẹ̀. Ẹni tó bá gba ti àkọ́kọ́ kò tíì gba ti ìkẹta. Kí ọmọ yín mọ èyí tó fẹ́ dúró lé kó tó dìde.

Lọ́yà Alágbàkà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ká yín mọ́.

Kò sí ìwé àṣẹ tuntun kankan láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ní kí wọ́n jagun ní 2003. Ìyẹn ò ṣeé jiyàn lé lórí. Àmọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó bá Amẹ́ríkà lọ ò lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tí agbẹjọ́rò àgbà wọn, Lord Goldsmith, sọ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún náà ni pé àṣẹ àtijọ́ ṣì wà láàyè. Nígbà tí Saddam gba Kùwéètì ní oṣù kẹjọ 1990, ìpinnu 678 fàyè gbà kí wọ́n fi ipá lé e jáde. Nígbà tí wọ́n lé e jáde tán ní 1991, ìpinnu 687 ní kó kó gbogbo ohun ìjà olóró ọwọ́ rẹ̀ dà nù. Orí ìyẹn ni wọ́n gbé ìdáwọ́dúró ogun kà. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2002, ìpinnu 1441 jáde: Ìráàkì ti rú òfin, àǹfààní ìkẹyìn rèé. Ìbò 15 ló wà, gbogbo 15 ló gbè é, títí kan ti Síríà.

Ẹ wò ó bí ẹni tí wọ́n gba béèlì ẹ̀. Tó bá rú àdéhùn béèlì, ẹjọ́ àtijọ́ á jí. Ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀ ni pé ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó ti rú u: ṣé adájọ́ ni, àbí aládùúgbò tó ti gbé kùmọ̀ dání? Faransé àti Rọ́ṣíà ní adájọ́ ni. Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, sọ ọ́ jáde lórí BBC ní oṣù kẹsàn-án 2004 pé ogun náà kò bófin mu.

Kí ọmọ náà má sá fún gbólóhùn yẹn. Ní kóòtù, ọ̀rọ̀ tó máa bà yín lẹ́jọ́ jẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹnu ara yín sọ ọ́. Tó bá ti ẹnu ẹlẹ́jọ́ kejì jáde, ẹ̀gún ló máa dà.

Ní ti irọ́ tó ń bẹ̀rù: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Mo ti gbèjà ẹni tí mi ò lè bá jẹun rí, mi ò sì parọ́ kankan níbẹ̀. Òtítọ́ tó wà lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo kó jọ. Adájọ́ ló nìyókù.

Ọmọ Ìjọ̀kà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Òkú ńkọ́? Ẹ̀ ń ka 678, 687, 1441 bí ẹni ń ka nọ́ńbà tẹ́tẹ́. Àwọn tó ń fi ìròyìn ka òkú níkan-níkan ka aráàlú tó lé ní 100,000 kí Amẹ́ríkà tó kó ẹrù ẹ̀ kúrò ní ìparí 2011. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Abu Ghraib tí Saddam ti ń fìyà jẹ èèyàn, ibẹ̀ náà ni àwọn tó wá gbani sílẹ̀ ti ń bọ́ ẹlẹ́wọ̀n sí ìhòòhò tí wọ́n ń bá wọn ya fọ́tò. Ẹ wá ní kí ọmọ ọlọ́mọ lọ sọ pé ó tọ́!

Awakọ̀ Ọjà Ọba

Ẹ gbọ́ o! Mo tún un sọ, epo ni.

Alámòójútó

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò nísàlẹ̀ ibí. Ẹ lè bú Bush, ẹ lè bú Saddam. Ẹ má bú ìyá ara yín.

Àǹtí Peckham

Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn látìgbà tí mo ti padà wálé, kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo wà nínú ìwọ́de tí a fi tako ogun náà ní ọjọ́ 15 oṣù kejì 2003 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọlọ́pàá ní àwa bíi 750,000 la jáde, àwọn tó ṣètò ẹ̀ ní a lé ní mílíọ̀nù kan dáadáa. Èmi ò kà wá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òtútù ń ta mí létí, ẹsẹ̀ mi sì wú nínú bàtà kí n tó dé Hyde Park. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn dìbò, 412 sí 149, wọ́n lọ.

Àmọ́ ohun tó mú mi kọ̀wé kọ́ nìyẹn. Ọkùnrin Kurd kan láti Ìráàkì wà tó ń ta ẹ̀fọ́ àti tòmátì ní ìkángun àdúgbò wa. Òun ló máa ń bá mi wá ata rodo títí á fi rí i. Lọ́jọ́ kejì ìwọ́de, ó rí báàjì láyà mi. Ó wọn ata mi, ó gbowó, kò dáhùn ìkíni mi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo bi í. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Halabja, ìlú àwọn ẹ̀yà Kurd ní Ìráàkì, ní oṣù kẹta 1988, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ òfurufú Saddam da gáàsì olóró lé ìlú náà lórí. Nǹkan bí 5,000 èèyàn ló bá a lọ. Ó ní, “Ẹ rìn kí bọ́ǹbù má bàa bọ́ lù wọ́n. Ta ló rìn fún wa?”

Títí dòní mi ò gbà pé ogun yẹn tọ́. Ohùn ọkùnrin yẹn ò sì kúrò létí mi. Tí ọmọ yín bá ń wá ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe irọ́, Halabja ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́yà Alágbàkà

Àwọn àgbà náà ló ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ká tó wá fàbọ̀ sórí adìẹ.

Ọmọ Ìjọ̀kà

Wọ́n lé akátá lọ lóòótọ́, sà. Ní oṣù kẹfà 2014, àwọn agbébọn ISIS gba Mosul, ìlú ńlá kan ní Ìráàkì. Ẹ lọ bi adìẹ léèrè.

Àǹtí, mo gbọ́ tiyín, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1988 tí òkú wà nílẹ̀ ní Halabja, Amẹ́ríkà ń ti Saddam lẹ́yìn kí Ìráànì má bàa borí ẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko kí àánú tó ṣe wọ́n?

Àǹtí Peckham

Òótọ́ lo sọ. Kí ọmọ náà mọ ìyẹn náà kó tó lọ.

Bàbá Ṣọ́jà Oǹdó

Ẹ kú àárọ̀. Fóònù ọmọ ọmọ mi ni mo fi ń kọ̀wé yìí, ẹ fojú fo àṣìṣe.

Mo bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kó jọ, lọ sí Làìbéríà. Oṣù kẹjọ 1990 la gúnlẹ̀ sí Monrovia. Ìgbìmọ̀ Ààbò tí ẹ̀ ń dárúkọ yìí ò tíì fún wa níwèé kankan nígbà yẹn. Ìpinnu tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí Làìbéríà, 1992 ló jáde. Oṣù tó ṣáájú èyí tí a dé, wọ́n ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tó sá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Lutheran nílùú yẹn. Ṣé ká dúró de ìwé ni? Ẹni tó bá ní ogun tí kò níwèé àṣẹ kò tọ́ rárá, kó wá wo ojú mi kó tún un sọ. Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ gbé e fún ọmọ náà, ọ̀fẹ́ ni.

Èyí tó kù ò ní í dùn ún gbọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn tí a dé, inú ọgbà ilé iṣẹ́ tiwa gan-an ni wọ́n ti mú Ààrẹ Doe lọ, wọ́n sì pa á. Ogun tí a wá pa kú, 1997 ló tó rọlẹ̀. Mo rí obìnrin kan létí èbúté, àpò ìrẹsì kan ti ya níbẹ̀, ó ń fi ìka ṣa ìrẹsì náà nílẹ̀. Iyanrìn inú ike ẹ̀ pọ̀ ju ìrẹsì lọ. Mo fún un ní bisikíìtì ọwọ́ mi, kò wò mí, ó ń ṣa nǹkan ẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kí èèyàn wọ ìlú onílùú, ìyẹn ò le. Ọjọ́ 20 oṣù kẹta 2003 ni wọ́n wọ Ìráàkì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 9 oṣù kẹrin, Baghdad ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ère Saddam ti wólẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Lóṣù karùn-ún, Paul Bremer tí wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀ kọ̀wé kan, ó tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìráàkì ká. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọkùnrin tó mọ ìbọn yìn, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Èmi ṣọ́jà ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó mọ ìbọn yìn, tí wọ́n dójú tì, tí kò lówó oṣù, tí ọmọ ń sunkún nílé, kí lẹ rò pé ó máa ṣe?

Ọmọ Adéyẹmí

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀mí yín á gùn. Ìtàn ni mò ń kà ní iléèwé gíga Adéyẹmí níbí ní Oǹdó, nígbà tí mo rí orúkọ Bremer nínú ọ̀rọ̀ yín, mo fò sókè. Ajẹ́lẹ̀ ni!

Tíṣà, ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun ogun Ìlọrin l'Óṣogbo. Gbogbo wa là ń yìn wọ́n fún ìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ síbí, ó fi ajẹ́lẹ̀ sọ́hùn-ún, káàkiri ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ajẹ́lẹ̀ ń gba iṣu, ó ń gba ewúrẹ́, ó ń gba ìyàwó oníyàwó. Ìgbà tó sú wọn, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí bẹ́ ajẹ́lẹ̀ lórí, ni ogun Kírìjì bá dé. Ọdún mẹ́rìndínlógún kí àwọn jagunjagun tó túká ní 1893.

Àwọn ará Baghdad kan yọ̀ lóṣù kẹrin. Lóṣù kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n ti fi bọ́ǹbù wó ilé iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Baghdad. Ogun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ajẹ́lẹ̀ ló dé bá wọn yẹn. Ṣùgbọ́n tí èmi bá wà ní ipò ọmọ yín, ìbéèrè kan ni màá fi bá àwọn adájọ́: ṣé torí ohun tí ajẹ́lẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọ̀la ni ká ṣe sọ pé kò yẹ kí Ìbàdàn jà l'Óṣogbo?

Ọmọ Ìjọ̀kà

Ogun ti dé Òṣogbo kí Ìbàdàn tó jà. Ta ni Saddam ń bá jà ní 2003? Àwọn olùyẹ̀wò ohun ìjà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán wà nínú ilé ẹ̀ tí wọ́n ń tú yàrá wò nígbà yẹn.

Ọmọ Adéyẹmí

Èyí dáa. Mo gbà fún ẹ lórí ìyẹn.

Tíṣà Ìjàpò

Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ohun ìjà tí wọn ò rí yẹn ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ló ń dun ọmọ náà.

Oníwèé Ìròyìn

Kó jọ̀wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Kó má fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò níbẹ̀.

Mo ta ìwé ìròyìn ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 2003, Colin Powell, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, jókòó níwájú Ìgbìmọ̀ Ààbò, ó gbé ìgò kékeré kan sókè láàárín ìka méjì, kó fi hàn wọ́n bí májèlé táṣẹ́ẹ́rẹ́ ṣe lè pa èèyàn tó. Gbogbo ayé wo ìgò. Lọ́jọ́ 7 oṣù kẹta, Hans Blix tó jẹ́ olórí àwọn olùyẹ̀wò ní òun nílò oṣù díẹ̀ sí i. Kì í ṣe ọdún, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, ElBaradei, olórí àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ núkílíà lágbàáyé, sọ fún wọn pé ìwé tí wọ́n ní Saddam fi ń ra uranium tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù núkílíà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè Niger tó múlé gbè wá yìí, ayédèrú ni. Ìwé ọdún 2000 ni wọ́n fi orúkọ mínísítà tó ti kúrò nípò láti 1989 sí! Ọmọ tó ń ṣe ayédèrú sátífíkéètì á bojú wo ọjọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, bọ́ǹbù ti ń dún. Ní 2004, àwọn tí Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ rán lọ wá a kiri kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí àkójọ ohun ìjà olóró kankan níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ láìparọ́ ni pé ìfura náà kì í ṣe ti Bush nìkan. Láti oṣù kejìlá 1998 títí di oṣù kọkànlá 2002, kò sí olùyẹ̀wò kankan ní Ìráàkì, Saddam sì ń ṣe bí ẹni tó gbé nǹkan pamọ́. Kó sọ ìyẹn, kó kọjá.

Lọ́yà Alágbàkà

Nǹkan kékeré kan tí mo gbàgbé. “Alága ọlọ́lá, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, ẹni tó ń ṣọ́ aago láìṣìnà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi...” Mo ti jókòó ṣe adájọ́ dìbéètì rí, mo fi aago ka ìkíni yẹn: nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Kó ní “Ẹ káàsán,” kó wọlé tààrà.

Tíṣà Ìjàpò

Mo padà dé o. Ẹ bá wa yọ̀, a fi àmì méjì borí.

Ọmọ náà dìde, ó ní “Ẹ káàsán.” Ó ní, “Wọn ò rí ohun ìjà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ò fún wọn láṣẹ tuntun. Mo ti gba méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ Halabja.” Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ọmọkùnrin tó ṣojú ìhà kejì ti kọ ojú ewé mẹ́rin sílẹ̀ lórí ohun ìjà nìkan. Mo rí i tó ń ṣí i, tó tún ń pa á dé, tó ń ṣí i. Ó padà dìde sọ̀rọ̀ ṣá, ó sì gbìyànjú.

Ẹnìkan nínú àwọn adájọ́ wá bi tiwa pé, “Nígbà tí wọ́n lé Saddam lọ tán, ta ni wọ́n múra sílẹ̀ láti fi rọ́pò rẹ̀?” Ó dúró. Mo ka aago tó ń dún lógiri. Ó ní, “Sà, mi ò rò pé wọ́n múra ẹnikẹ́ni sílẹ̀.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti gé wa lámì, ibẹ̀ náà sì ni mo ti fẹ́ràn ẹ̀ jù lọ́jọ́ náà.

Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn méjì yòókù ń kọrin, òun ò bá wọn kọ ọ́. Ó bi mí bóyá ọkùnrin Kurd tó ń ta ata ṣì wà láyé. Àǹtí Peckham, ẹ bá mi dá a lóhùn.

Ohun tó tún gbé mi wá nìyí. Ìlú Oǹdó la máa lọ fún ìpele tó kàn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Kókó ò yí padà. Ìhà kejì ni wọ́n fún wa báyìí: ká sọ pé kò tọ́. Bàbá Ṣọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, a máa yà kí yín. Ọmọ Ìjọ̀kà, ìwọ ni mò ń wá jù.

Ọmọ Ìjọ̀kà

Mo wà ńbí, mà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ tó fi borí jọ, kó wá bá mi jà á níkọ̀ọ̀kan.

Bàbá Ṣọ́jà Oǹdó

Ẹ máa bọ̀. Iyán á wà nílẹ̀.

Awakọ̀ Ọjà Ọba

Ní báyìí tí ẹ ti wà lápá ibí, ṣé kò wá lè mẹ́nu ba epo díẹ̀?

Lọ́yà Alágbàkà

Ní 2009 tí wọ́n pín ilẹ̀ elépo Rumaila tó tóbi jù níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan àti ti Ṣáínà ló jọ gbé e lọ. Ṣáínà ò yìnbọn kankan. Bó bá mẹ́nu bà á, kó múra sílẹ̀ fún ìyẹn.

Awakọ̀ Ọjà Ọba

Ẹ ò rí i? Epo ni.